Ṣé ìtọ̀ lè tan iná?

Ìbéèrè: Tíṣà, ọmọ mi gbọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mẹ́rin fi ìtọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ l'Ékòó. Ó ti ń tọ́jú ìtọ̀ pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì! Ṣé òótọ́ ni? – Ìyá Àánú, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá Àánú, òótọ́ ni. Ní Maker Faire Africa, ìpàtẹ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣẹ̀dá nǹkan, lọ́dún 2012, ni wọ́n ti gbé e jáde. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń yọ háídrójìn, ìyẹn gáàsì kan tó máa ń jó, láti inú ìtọ̀. Wọ́n ní bórààsì olómi (irú iyọ̀ kan tí wọ́n pò mọ́ omi) á fa omi ara gáàsì náà gbẹ, kó tó wọ jẹnẹrétọ̀. Àmọ́ iná tó ń lọ sí yíyọ háídrójìn yẹn ju èyí tí jẹnẹrétọ̀ ń mú wá lọ. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ọmọ yín ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n háídrójìn a máa bú gbàmù o! Ẹ jọ̀ọ́, kó má dán an wò láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ bá mi kí i. Inú mi dùn sí i púpọ̀.