Èsì: Tíráàkì 16 inú kíbọ́ọ̀dù kò lè gba ohùn yín sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá kíbọ́ọ̀dù workstation (kíbọ́ọ̀dù tí a lè fi ṣe odindi orin) tó ní tíráàkì 16, ìyẹn ìlà tí a ń gba apá orin kọ̀ọ̀kan sí, ti tó, tàbí kí ẹ ra rẹ́kọ́dà, ẹ̀rọ tó ń gba ìró sílẹ̀. Bí ẹ bá máa kọrin sínú iṣẹ́ náà, ẹ má ṣe torí pé kíbọ́ọ̀dù workstation tí ẹ fẹ́ rà ní tíráàkì 16 pa rẹ́kọ́dà tì. Tíráàkì MIDI ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, MIDI kì í sì í tọ́jú ìró rárá. Bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀, ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ àti bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó ni ó ń kọ sílẹ̀. Ọ̀fun ènìyàn kò sì ní bọ́tìnì.

Àfi bí kíbọ́ọ̀dù náà bá ní ihò máíkì, tí ìwé ìlò rẹ̀ sì sọ gbangba pé ó ní tíráàkì fún ìró gan-an, ni ẹ lè fi rẹ́kọ́dà sílẹ̀.

Ní ti rẹ́kọ́dà, iye ìró tó lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ wò kí ẹ tó wo iye tíráàkì. Èyí tó ní tíráàkì 8 ṣùgbọ́n tó ń gba ìró méjì péré lẹ́ẹ̀kan náà tó ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́. Kò lè gba ìlù tí a to máíkì mẹ́rin yí ká. Bí máíkì yín bá jẹ́ condenser (irú máíkì tó nílò iná kí ó tó ṣiṣẹ́), ẹ rí i pé rẹ́kọ́dà náà ń fún un ní iná 48V.

Bí ẹ bá ń so kíbọ́ọ̀dù àti rẹ́kọ́dà pọ̀, ihò line (èyí tí ìró ohun èlò bíi kíbọ́ọ̀dù ń gbà wọlé) ni kí okùn L àti R (òsì àti ọ̀tún) kíbọ́ọ̀dù wọ̀, kì í ṣe ihò máíkì. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ibi tí orin náà ti ń dún jù, kí ẹ sì máa dín ìró kù títí iná pupa rẹ́kọ́dà, tó ń fi hàn pé ìró ti pọ̀ jù, kò fi ní tàn mọ́.