Ṣé Epo Rọ̀bì Wà Lábẹ́ Ilẹ̀ Bàbá Wa ní Ọ̀dẹ̀dá?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ ni mo ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Ẹbí wa ní ilẹ̀ ní apá Ọ̀dẹ̀dá, lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ wá, ó kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó so wáyà mọ́ wọn. Ó ní òkun ayé àtijọ́ dé ibẹ̀, pé máàpù ìjọba ló gé e kúrú, àti pé epo rọ̀bì wà nísàlẹ̀. Ó ní ká dá owó jọ kóun bá wa gba ìwé àṣẹ. Àbúrò mi ti san díẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àlàájà, ẹ kú ọjà. Ẹ má san kọ́bọ̀ mọ́. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ pé wọ́n ti sanwó tán kí wọ́n tó béèrè.

Gbájúẹ̀ tó já fáfá kì í pa odidi irọ́. Ọkùnrin yín mú òótọ́ kan lọ́wọ́: etí básìnì lórí máàpù lè máà jẹ́ ibi tó parí sí nígbà ìwáṣẹ̀. Básìnì ni ilẹ̀ gbọọrọ tó rì, tí odò àti òkun ń da iyanrìn, amọ̀ àti ìkarawun sí fún àìmọye ọdún, títí gbogbo rẹ̀ fi di òkúta. Èyí tí Èkó jókòó lé ni wọ́n ń pè ní Dahomey Basin. Láti gúúsù ìlà-oòrùn Ghana ló ti gba Tógò àti Benin kọjá, tó fi wá kan ẹ̀gbẹ́ Niger Delta. Ìgbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ń ya ara wọn ló bẹ̀rẹ̀, ó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún 100. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń gbẹ́ ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, ìsàlẹ̀ òkun ló ti dì. Tí ẹ bá ń ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, àwọn ipele wọ̀nyí á máa fẹ́lẹ́ sí i títí àpáta irú Olúmọ á fi yọ. Ibẹ̀ ni ìlà máàpù wà. Ọ̀dẹ̀dá ti kọjá ìlà náà.

Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá etí àkọ́kọ́ ni? Ẹ wo mọ́ínmọ́ín inú abọ́. Lẹ́bàá abọ́, fífẹ́lẹ́ ló ń fẹ́lẹ́ tán. Ṣùgbọ́n tí ọ̀bẹ bá ti kàn án, ibi tí wọ́n gé máa nípọn láti òkè délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta. Bí ipele kan bá ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí iyanrìn olóhóro ńlá àti òkúta wẹ́wẹ́ sì ń yọ nínú rẹ̀, a ti sún mọ́ èbúté ìgbà náà. Bó bá jẹ́ amọ̀ kíkúnná, irú èyí tó ń rọra sùn sínú omi jíjìn, ló nípọn gbagidi tó wá ṣẹ́ lójijì, ọ̀gbàrá ti gbé èyí tó kù lọ.

A tún ń wọn iye òkúta tó lọ, nípa àmì tí ìwúwo àti ooru fi sílẹ̀ lára èyí tó kù. Amọ̀ tí ẹrù tẹ̀ pọ̀ kì í padà wú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ bí a bá gbé ẹrù náà kúrò. Vitrinite, ìyẹn èérún igi àtijọ́ inú òkúta, ń dán sí i bó ṣe ń gbóná, dídán náà kì í sì í parẹ́. Nínú hóró apatite, ìyẹn irú mínírà kan tó wà nínú òkúta, uranium ń dá àpá tíntìntín tí ooru tó bá kọjá bí 110 °C máa ń pa rẹ́. Èyí tí a bá kà níbẹ̀ ń sọ ìgbà tí òkúta náà tutù.

Wàyí o, ibi tí ọkùnrin yẹn ti yí yín po rèé. Ká tiẹ̀ gbà fún un pé òkun dé Ọ̀dẹ̀dá (èmi ò sọ pé ó dé). Tí òkúta tó yẹ kó gba epo dúró bá ti bá ọ̀gbàrá lọ, inú kí ni epo náà wà? Amọ̀ dúdú tó kún fún òkú ohun ẹlẹ́mìí gbọ́dọ̀ gbóná, láàárín bí 60 sí 120 °C, kí epo tó jáde lára rẹ̀. Epo náà á wá wọnú ihò kéékèèké ara òkúta oníyanrìn, amọ̀ mìíràn á sì bò ó lórí kó má baà sá lọ. Èwo nínú wọn ló wà nínú àpáta Ọ̀dẹ̀dá? Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ̀rọ̀ Vietnam, níbi tí epo wà nínú àpáta líle. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n amọ̀ dúdú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló tú u sínú ibẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ epo tó ń náwó láti mọ bí básìnì ṣe fẹ̀ tó rí, nítorí èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Òkúta tó ti lọ ló jẹ́ ẹrù lórí èyí tó kù. Òun ló mú un gbóná. Ẹ wo àyíká Abakaliki: ilẹ̀ ká kò, ó gbéra sókè ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 84 sẹ́yìn, ọ̀gbàrá sì fá orí rẹ̀. Amọ̀ tó wà lójú ilẹ̀ níbẹ̀ lónìí ti wà nísàlẹ̀ jíjìn rí, ó ti gbóná kọjá ibi tí epo ti ń dúró. Ẹni tí kò bá ka òkúta tó ti lọ mọ́ ọn á rò pé kò tíì gbóná kọjá bó ṣe yẹ, á sì gbẹ́ kànga olówó ńlá lásán. Nínú básìnì tiwa, ibùdó epo Ajé tí wọ́n rí ní 1996, tí epo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 2016, inú òkun lọ́ọ̀ọ́kán Èkó ló wà, níbi tí òkúta ti nípọn. Èyí tó sún wá sápá òkè, ìyẹn ọ̀dà Agbábù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kòkòrò àìfojúrí ti jẹ èyí tó fúyẹ́ lára rẹ̀. Inú òkúta oníyanrìn básìnì lòun náà sì wà, kò sí nínú àpáta.

Ẹ̀rọ onírin mẹ́rin yẹn? Òun ni wọ́n fi ń wá omi bọ́hólù. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ńkọ́, mi ò kì í ṣe lọ́yà, ẹ bi tiyín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òfin Nàìjíríà fi gbogbo epo abẹ́ ilẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, àjọ NUPRC ló sì ń bójú tó láísẹ́ǹsì fún àwọn ilé-iṣẹ́. Kì í ṣe ohun tí ẹbí ń dá owó jọ gbà lọ́wọ́ ẹni tó gbé wáyà kọ́ èjìká.

Mi ò tíì tẹ ilẹ̀ yín o, máàpù ni mo fi dáhùn. Bí ẹ bá fẹ́ ìwé tó dúró, ẹ wá jiọ́lọ́jísì, ìyẹn onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀, tí COMEG, àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá sì padà wá, ẹ ní kó mú nọ́ńbà COMEG tirẹ̀ jáde. Ti owó àbúrò yín, kó mú rìsíìtì, bó bá gba rìsíìtì, kó gba tẹ́ṣàn lọ.