Èsì: Ṣé ọ̀dọ́ lè rí jẹ lábúlé orí òkè Aceh?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ọ̀dọ́ abúlé orí òkè ní Aceh, Indonéṣíà, lè dúró sílé kó rí jẹ. Bó bá ti nílẹ̀ kọfí, á rí jẹ. Lágbègbè Gayo, nítòsí ìlú Takengon, oko kọfí ló yí ilé ká. Èso tó pọ́n ni wọ́n ń fọwọ́ já. Wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún bó èèpo inú nígbà tó ṣì tutù, torí òjò kì í jẹ́ kó tètè gbẹ. (Ẹni tó ti sá kòkó rí mọ wàhálà yẹn!) Látìgbà tí ìjọba Indonéṣíà àtàwọn ajàjàgbara Aceh ti ṣàdéhùn àlàáfíà lọ́dún 2005, oko ti ṣeé lọ. Àmọ́ oníṣòwò ló sábà ń dá iye lé kọfí, òkè sì máa ń ya bo ọ̀nà lásìkò òjò. Ẹni tí kò nílẹ̀ ńkọ́? Bó bá forí lé ìlú ńlá Medan, mi ò ní bá a jiyàn.