Ọkọ̀ Tí Bátìrì Rẹ̀ Ń Kú Mọ́jú: Níbo Ni Iná Ń Gbà Lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ríwáyà. Toyota Corolla ọdún 2005 ni mo ń wà. Bátìrì kan kú mọ́ mi lọ́wọ́, mo ra tuntun, òun náà sì ti bẹ̀rẹ̀ irú ìwà kan náà. Bí mo bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lálẹ́, tí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní sítáàtì àfi tí a bá fi bátìrì ọkọ̀ mìíràn jí i. Mẹkáníìkì mi ní ayédèrú bátìrì ni wọ́n tà fún mi. Ríwáyà àdúgbò wa ní kí n pààrọ̀ alternator. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó o. Nínú ohun tí ẹ kọ, n kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì ti gbé míta lé bátìrì náà, nítorí náà ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnì kankan. Míta kékeré alọ́wọ́gbé (multimeter) tí wọ́n fi ń wọn iná ilé tó fún ìdí iṣẹ́ yìí, owó rẹ̀ kò sì tó ti bátìrì rárá.

Bátìrì kọ́ ni orísun iná tí ọkọ̀ ń lò lójú pópó. Kóló ni bátìrì jẹ́. Alternator ni ẹni tó ń pawó sínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, bátìrì yóò tú iná tó lè ju 150 áńpù lọ sílẹ̀ fún sítátà, ṣùgbọ́n fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde, bẹ́líìtì yóò máa yí alternator, èyí tí yóò máa bọ́ iná iwájú, fáànù, rédíò àti brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì), tí yóò sì máa dá ohun tí sítátà gbà padà sínú bátìrì. Gbogbo iná yìí ló gbọ́dọ̀ padà sí nẹ́gétíìfù, irin ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì ni ọ̀nà tó ń gbà padà. Ìdí nìyí tí wáyà dúdú tí a fi bóòtù dè mọ́ ara ọkọ̀ àti mọ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwa ríwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀: bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti dógùn-ún, bátìrì tó kún dẹ́nu pàápàá yóò máa ṣe bí èyí tó ti kú. Ẹ kọ́kọ́ wo ibẹ̀, kí ẹ sì wo orí bátìrì bóyá ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé ti bò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ọ́n. Ní àárọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, bátìrì tó kún yẹ kó fi nǹkan bí fólítì 12.6 hàn, 12.2 túmọ̀ sí pé ó ti dé ìdajì, 12 sí ìsàlẹ̀ sì burú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bí ó bá dúró sí 12 àti díẹ̀, alternator kò pawó wọlé nìyẹn, bátìrì kò sì jẹ̀bi. Àwọn kan máa ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti mọ̀ bóyá alternator dára. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dán an wò lára ọkọ̀ yín, torí pé iná lè fò sókè lójijì kí ó sì ba brain box jẹ́.

Bí 14 bá jáde níbẹ̀, tí bátìrì sì ń lọ sílẹ̀ mọ́jú, a jẹ́ pé nǹkan kan ń fà á lóru. Bátìrì tí a kọ 60Ah sí lára lè gbé áńpù 3 jáde fún ogún wákàtí bí ó bá kún. Gílóòbù bọ́ọ̀tù tí kò kú, tó jẹ́ 5 wáàtì, kì í fà tó ìdajì áńpù, nítorí náà òun nìkan kò lè pa bátìrì tó kún ní òru kan. Èyí tó ń pa tiyín á jẹ́ ohun tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí ó jẹ́ pé bátìrì náà kì í kún láéláé, bí ó ti máa ń rí fún ọkọ̀ tó ń fi ojoojúmọ́ jókòó nínú gosiló pẹ̀lú A/C àti iná iwájú ní títàn.

Láti mú olè náà, ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ orí nẹ́gétíìfù, kí ẹ sì so míta, lórí áńpù 10, sáàárín orí bátìrì àti wáyà tí ẹ yọ. Nẹ́gétíìfù ni kí ẹ yọ, nítorí bí sípánà bá fara kan irin ọkọ̀ níbi pọ́sítíìfù, iná yóò ta. Ẹ dúró fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí gbogbo nǹkan inú ọkọ̀ sùn, ẹ má sì yí kọ́kọ́rọ́ rárá, kí fíúsì míta má baà jó. Ohun tí kò ju 0.05 áńpù lọ kò lẹ́bi. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá yọ tí míta sì wálẹ̀ ni ọ̀nà tí iná ń gbà jáde.

Bí gbogbo fíúsì bá tán tí míta kò yí padà, ẹ wo ohun tí wọ́n so tààrà mọ́ bátìrì lẹ́yìn tí ọkọ̀ wọ ìlú: tírákà, sẹ́ńtíráàlì lọ́ọ̀kù, amúlùpáyà rédíò. Lẹ́yìn wọn ló kan alternator. Ẹ yọ míta kúrò ná, kí nẹ́gétíìfù má so mọ́ ohunkóhun, ẹ tú wáyà ńlá ẹ̀yìn alternator, ẹ fi nǹkan wé orí rẹ̀, kí ẹ sì tún wọn ọ́n. Bí iná tó ń jò bá dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ ríwáyà yín jóòótọ́ díẹ̀: diode inú alternator, ìyẹn ohun kékeré tó yẹ kó jẹ́ kí iná máa gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ló ń jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn, alternator bẹ́ẹ̀ sì lè máa fún yín ní fólítì 14 lọ́sàn-án. Ẹ bi í bóyá ó lè pààrọ̀ diode náà nìkan, kí ẹ tó rà odindi.