Èsì: Ìdí tí wọn kò fi dájọ́ ikú fún Evans

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére ni Evans ajínigbé gbà, tí kì í ṣe ikú. Bí òfin ìjínigbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2017 ṣe wí nìyẹn: ẹ̀wọ̀n gbére fún ẹni tó jí ènìyàn gbé gbowó. Àfi bí ẹni tí wọ́n jí bá kú sí wọn lọ́wọ́ ló tó di ikú.

Oníṣòwò tí Evans àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jí gbé ní Ìlúpéjú ní oṣù Kejì 2017 kò kú. Ẹbí rẹ̀ san 223,000 yúrò, síbẹ̀ wọn ò tú u sílẹ̀! Fúnra rẹ̀ ló sá mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Ìgàndò. Ó ṣì ń dùn mí.

Oṣù Kẹfà 2017 ni ọlọ́pàá mú Evans ní Màgódò. Ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2022 ni ilé ẹjọ́ gíga Ìkẹjà dá a lẹ́bi.