Bí ọmọ ẹyẹlé kan bá ń rù nínú ìtẹ́

Ẹ ní ọmọ ẹyẹlé yín méjèèjì ti pé ọjọ́ 6, ọ̀kan sanra, èkejì kò ju ìdajì rẹ̀ lọ, ẹ wá fẹ́ máa fi síríńjì bọ́ ọ. Ẹ rọra ná. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí àwọn òbí bá ti bọ́ wọn tán, ẹ fọwọ́ kan àpò ọ̀fun èyí tó kéré, ìyẹn àpò ìsàlẹ̀ ọrùn tí oúnjẹ kọ́kọ́ máa ń dúró sí. Bó bá rọ̀ mùjẹ̀mùjẹ̀ bíi bálúùnù tí wọ́n bu omi díẹ̀ sí, ó ń jẹun. Ẹyin kejì sábà máa ń pa ní nǹkan bí ọjọ́ kan lẹ́yìn èkíní, kò sì rọrùn kí ọmọ inú rẹ̀ bá ti èkíní.

Bí àpò náà bá pẹlẹbẹ, ebi ni. Ẹ la ẹnu rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí nǹkan tó pọ́n bí ìyeyè, tó dì mọ́ ọ̀fun, àrùn nìyẹn, dókítà ẹran ló kù. Ẹ má fi èékánná họ ọ́ o, ẹ̀jẹ̀ á dà.

Bí ọ̀fun bá mọ́, ẹ gbé èyí tó sanra kúrò fún bíi wákàtí 2, sínú páálí tó móoru, kí àwọn òbí lè ráyè bọ́ èyí tó kù. Wọn kò ní kọ ọmọ torí pé ọwọ́ èèyàn kàn án, irọ́ ni.

Síríńjì ló kẹ́yìn. Kí ara ọmọ kọ́kọ́ móoru, nítorí oúnjẹ máa ń kan nínú àpò ọ̀fun ẹyẹ tí òtútù mú. Ẹ fi tẹmómítà wọn oúnjẹ: 39 sí 40°C, bó bá kọjá 43, ó lè jó àpò náà. Bí ọmọ bá wúwo tó gíráàmù 70, mílílítà 7 tó, ẹ sì dúró kí àpò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo kí ẹ tó fún un ní òmíràn. Ọmọ ẹyẹlé kì í la ẹnu gbàà bí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹyẹ yòókù. Ẹnu òbí ló máa ń ti àgógó bọ̀. Torí náà, ẹ gé orí síríńjì tó tóbi kúrò, ẹ fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ẹ la ojú kékeré sí i, kó fúnra rẹ̀ ti àgógó bọ̀ ọ́. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu: ìdí ahọ́n gan-an ni ihò èémí wà. Bí oúnjẹ bá yọ ní ihò imú, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀.

Ẹ tún wo ilẹ̀ ìtẹ́. Bó bá ń yọ̀, ẹsẹ̀ ọmọ á ya sọ́tùn-ún sósì, kò ní lè nàró dé ẹnu òbí, ó sì lè jẹ́ ohun tó fa ebi náà nìyẹn. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i.