Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Abẹ́rẹ́ ibà, nẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀fọn kò bẹ̀rù, àti ajá tó họ ọmọ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà lẹ́ẹ̀mẹta, àmọ́ ibà tún mú un lóṣù tó kọjá. Ìyá ọkọ mi ní abẹ́rẹ́ náà kò jẹ́, pé ká má wulẹ̀ lọ gba ẹ̀kẹrin mọ́. Kí lẹ wí sí i? — Ìyá Àdùkẹ́

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ gba ẹ̀kẹrin. Ẹ má bínú sí màmá. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Bí ẹ̀fọn tó ní kòkòrò ibà lára bá jẹ ènìyàn, kòkòrò díẹ̀ ló máa ń tú sábẹ́ awọ, kíá ni ìyẹn náà sì ń sáré forí lé ẹ̀dọ̀. Ojú ọ̀nà yìí ni abẹ́rẹ́ náà ń ṣọ́: ó ti kọ́ ara láti dá ẹ̀wù tí kòkòrò náà wọ̀ mọ̀, kó lè mú un kó tó wọ ẹ̀dọ̀. Bí ẹyọ kan péré bá yọ́ wọlé, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan ó ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún níbẹ̀. Wọn á tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù mìíràn, èyí tí abẹ́rẹ́ kò kọ́ ara láti mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó gbà á ṣì fi lè ní ibà.

Abẹ́rẹ́ méjì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí: RTS,S lọ́dún 2021, R21 lọ́dún 2023. Nínú ìdánwò, ibà tó ń mú àwọn ọmọ tó gbà wọ́n dín kù ju ìdajì lọ lọ́dún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀kẹta. Ní Gánà, Kẹ́ńyà àti Màláwì, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo RTS,S lọ́dún 2019, ikú àwọn ọmọ tó wà lọ́jọ́ orí àtigbà á fi ìdá 13 nínú 100 dín kù, ohun yòówù tí ì bá pa wọ́n, bí a bá yọ ti jàǹbá sílẹ̀. Nǹkan ńlá gidi nìyẹn lójú tiwa. Àmọ́ agbára abẹ́rẹ́ ń lọ sílẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù, ẹ̀kẹrin ló sì ń gbé e dìde. Bí ọjọ́ tó wà nínú káàdì bá ti kọjá, wọn kì í tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kíní. Ibi tí ẹ bá a dé ni wọ́n ti máa tẹ̀ síwájú.

Bí ara ọmọ bá tún gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kó tó lo oògùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í mú kí àyẹ̀wò purọ́ pé ibà wà. Lórí pátákó kékeré tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí yẹn, ìlà C gbọ́dọ̀ jáde. Bí kò bá jáde, àyẹ̀wò náà ti bàjẹ́, kódà bí ìlà T bá hàn kedere. Ìlà T tó rí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ẹni pé kò sí, ibà ni. Iye ìṣẹ́jú tó wà lára páálí, 15 tàbí 20, ni kí ẹ dúró: ẹ má kà á ṣáájú, ẹ má sì gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó wò ó. Ohun kan sì wà tó ń tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti lo oògùn tán, tó ti ń sáré kiri, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àyẹ̀wò yìí ṣì lè fi ibà hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí pé ohun tí kòkòrò fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń rí. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, maikirosíkóòpù ni kí wọ́n fi wo ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n má kàn tún da oògùn lé e.

Nẹ́ẹ̀tì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀rá ni, oògùn sì wà lára rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀fọn ń bà lé e, ó ń fò lọ. Ṣé ayédèrú ni? — Bàbá kan tó ní ká fi orúkọ bo òun láṣìírí

Kò fi dandan jẹ́ ayédèrú, bàbá. Ẹ ka àmì tí wọ́n rán mọ́ etí rẹ̀. Bó bá jẹ́ oògùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ parí sí “thrin”, bíi permethrin tàbí deltamethrin, a jẹ́ pé oògùn àtijọ́ ni. Ní ibi púpọ̀, oògùn yẹn ti mọ́ ẹ̀fọn lára: ara wọn ń pèsè èròjà tó ń fọ́ ọ kó tó ràn wọ́n. Bí ẹ bá rí PBO lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn kì í pa ẹ̀fọn fúnra rẹ̀. Ohun tó ń fọ́ oògùn ló ń so lọ́wọ́, kí oògùn lè ríbi ṣiṣẹ́.

Bó bá sì jẹ́ chlorfenapyr lẹ rí, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí nínú oṣù kẹta ọdún 2023, ẹ fọkàn balẹ̀. Kì í gbá ẹ̀fọn lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Inú ara rẹ̀ ló ń wọ̀ lọ dí ibi tí agbára rẹ̀ ti ń wá, ẹ̀fọn náà sì lè fò lọ lójú yín kó tó kú ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn náà.

Ẹ sá nẹ́ẹ̀tì tuntun sí ibòji fún wákàtí 24 kí ẹ tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Omi tútù àti ọṣẹ lásán ni kí ẹ fi máa fọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ kan kẹ́míkà ìfọṣọfunfun, ibòji náà ni kó ti gbẹ, torí pé oòrùn ń ba oògùn jẹ́. Fífọ̀ 20 ni wọ́n ṣe é láti fara dà; ẹni tó ń fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti parí rẹ̀ kó tó pé oṣù márùn-ún. Ẹ má da omi rẹ̀ sódò, ó ń pa ẹja.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti rí abẹ́rẹ́ àjẹsára éèdì, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà? — Títí

Abẹ́rẹ́ ni, Títí, àmọ́ kì í ṣe àjẹsára. Lenacapavir ni orúkọ rẹ̀. Kì í kọ́ ara ní ìjà. Oògùn fúnra rẹ̀ ló ń wà nínú ara, tó ń da ìkarahun tí kòkòrò HIV fi ń bo ara rú. Nínú ìwádìí tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2024, obìnrin 2,134 ni wọ́n fún ní South Africa àti Uganda, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó kó HIV. Inú wa dùn púpọ̀ sí èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i lóṣù keje ọdún 2025.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ méjì sábẹ́ awọ ikùn, ẹni náà á gbé hóró oògùn méjì mì, á tún gbé méjì mì lọ́jọ́ kejì. Hóró yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú kí oògùn tètè pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Kókó kékeré lè wà lábẹ́ awọ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àyẹ̀wò HIV gbọ́dọ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó ti kó kòkòrò náà bá ń gbà á láìmọ̀, kòkòrò lè di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Kò sì kan àtọ̀sí tàbí rẹ́kórẹ́kó, kọ́ńdọ̀mù ṣì ń jẹ́ kọ́ńdọ̀mù.

Ṣé sànìtáísà lè dípò ọṣẹ àti omi? — Akẹ́kọ̀ọ́

Nígbà tí omi kò bá sí, bó bá ní ọtí tó tó ìdá 60 nínú 100, tí ọwọ́ kò sì ní ìdọ̀tí tó hàn. Kì í fi bẹ́ẹ̀ pa norovirus, tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì yẹn kò ní ẹ̀wù ọ̀rá tí ọtí lè bọ́. Lẹ́yìn ilé ìgbẹ́, omi àti ọṣẹ ni.

Ajá aládùúgbò fi èékánná họ ọmọ mi lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀. Wọ́n ní ká wo ajá náà fún ọjọ́ 10 ná. — Màmá Tóbi

Màmá Tóbi, wíwo ajá kì í dípò abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi (rabies). Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti yọ, ọgbẹ́ tó léwu ni wọ́n ń kà á sí, bó ti wù kó kéré mọ. Fífọ̀ ló kọ́kọ́ kàn: omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ, ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ó ń gùn lójú ẹni tó ń ṣe é, ọmọ á sì máa sunkún, àmọ́ ẹ wo aago. Fífọ̀ yẹn ń ṣan fáírọ́ọ̀sì kúrò kó tó rí fọ́nrán iṣan tó máa gùn lọ sí ọpọlọ.

Ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan kí ara tó fi pèsè ohun ìjà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gún ohun ìjà tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ sínú ojú ọgbẹ́ gan-an. Lẹ́yìn ọjọ́ keje tí àjẹsára ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í fún ènìyàn ní ohun ìjà àpèsè-sílẹ̀ yẹn mọ́. Àjẹsára apá jẹ́ ọjọ́ 0 (ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n gún àkọ́kọ́), 3, 7, àti ìkẹrin láàárín ọjọ́ 14 sí 28. Láti ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún fọwọ́ sí ti inú awọ, ojú méjì lọ́jọ́ 0, 3 àti 7, ó parí lọ́sẹ̀ kan, oògùn tó ń lò sì kéré. Bí ajá náà bá ṣì le koko lọ́jọ́ kẹwàá, dókítà lè dá èyí tó kù dúró.

Kí lẹ́tà yín tó dé, ọjọ́ ti lọ. Bí ẹ kò bá tíì gbé Tóbi lọ, ẹ gbé e lọ lónìí. Níwọ̀n ìgbà tí àmì àrùn kò tíì yọ, abẹ́rẹ́ náà kò tíì pẹ́ jù.